Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Owó Kọ́ọ̀lù Yín Ní Amẹ́ríkà: Ìtọ́sọ́nà Fún Òṣìṣẹ́ Tó Ń Dúró De Ìpè

Òṣìṣẹ́ kan á wà lórí kọ́ọ̀lù, ìyẹn ni pé á máa dúró kí wọ́n lè pè é síṣẹ́ nígbàkigbà, láti ìrọ̀lẹ́ Fráídè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè. Á lọ bá HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé gbogbo wákàtí tí òun fi dúró ni kí wọ́n san. HR á ṣí ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́, wọ́n á nàka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn kì í sanwó fún ẹni tó ń dúró nílé, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú rẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, HR lè jàre lórí wákàtí ìdúró yẹn, kí wọ́n sì jẹ òṣìṣẹ́ náà ní gbèsè níbòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu bà: fóònù tó gbé lóru, kọ̀ǹpútà tó ṣí ní aago méjì òru, owó kọ́ọ̀lù tí wọn kò kà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n ń ṣírò ófátáìmù rẹ̀, ìyẹn owó wákàtí tó bá ju 40 lọ lọ́sẹ̀.

Nítorí náà, bí a ó ṣe tò ó níbí ni pé ẹ ó kọ́kọ́ gba owó tó dájú, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá wo èyí tó ní àríyànjiyàn nínú. Òfin tí a ó máa tọ́ka sí ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Fair Labor Standards Act, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FLSA.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìwé ìsanwó yín, ó kéré tán ti ọdún méjì sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí ti ọdún mẹ́ta, ó tún dára jù.
- Ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́, ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́, àti àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn ṣe, bí ẹ bá ní ẹgbẹ́.
- Rósítà kọ́ọ̀lù, ti oṣù kọ̀ọ̀kan.
- Àkọsílẹ̀ ìpè inú fóònù yín, àtẹ̀jíṣẹ́ àti ímeèlì tí wọ́n fi pè yín.
- Ìwé kékeré kan tó jẹ́ tiyín, tàbí fáìlì kan nínú fóònù tiyín. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró ni wọ́n ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ yín.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn nọ́ọ̀sì àti gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìlera: ẹ má ya àwòrán ohunkóhun tó ní orúkọ aláìsàn tàbí ọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ nínú. Aago tí wọ́n pè yín àti aago tí ẹ parí ti tó. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀rí pàdánù ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wò ó bóyá òfin ófátáìmù kàn yín

FLSA yọ àwọn òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ nínú ófátáìmù: àwọn ọ̀gá, àwọn alákòóso, àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ kan tó ń gba iye kan náà lọ́sẹ̀, ì báà ṣe pé wọ́n ṣiṣẹ́ púpọ̀ tàbí díẹ̀. Kí agbanisíṣẹ́ tó lè yọ yín báyìí, ohun méjì gbọ́dọ̀ pé. Owó oṣù yín, bí a bá pín in sí ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ dín sí $684. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí òfin kà sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, òfin ófátáìmù kàn yín.

Orúkọ oyè kò já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n lè pe èèyàn ní "supervisor" kó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn ló ń ṣọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń gba owó ní wákàtí wákàtí ní ẹ̀tọ́ sí ófátáìmù, kódà bó jẹ́ RN (registered nurse). Ẹni tó wà nídìí help desk, tó ń tún páásíwọ́ọ̀dù ṣe tó sì ń gbọ́ ẹjọ́ kọ̀ǹpútà tó kọṣẹ́, òfin kàn án lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń kọ software gan-an lè wà lára àwọn tí wọ́n yọ, tí wọ́n bá ń san ó kéré tán $27.63 fún un ní wákàtí kan tàbí owó ọ̀sẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Dókítà àti lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ wọn, òfin ti yọ wọ́n láìwo iye tí wọ́n ń gbà. Bí ẹ bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, àdéhùn iṣẹ́ yín ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò, FLSA kò ní ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn tó ń gba ìwé 1099, ìwé owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n kà sí agbaṣẹ́ṣe dípò òṣìṣẹ́, máa ń rò pé òfin kò kàn àwọn rárá. Ìwé yẹn nìkan kọ́ ló ń pinnu. Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ló ń sọ aago tí ẹ ó dé, bí ẹ ó ṣe ṣe é, iye tí ẹ ó gbà, tí ẹ kò sì ní oníbàárà mìíràn tó ń gbé yín ró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni yín lójú òfin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú ìwé ìsanwó kan jáde. Ṣé iye wákàtí àti owó wákàtí kan wà lórí rẹ̀? Bó bá wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé òfin kàn yín. Ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pín wákàtí kọ́ọ̀lù yín sí ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ má ṣe da gbogbo wákàtí pọ̀ mọ́ra. Ẹ mú rósítà ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì pín in báyìí.

Ọ̀nà kìíní ni wákàtí tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ní ti gidi nígbà tí ẹ wà lórí kọ́ọ̀lù. Fóònù dún, ẹ gbé e, ẹ ṣàlàyé oògùn fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ wọ kọ̀ǹpútà láti ilé, ẹ tún sáfà ṣe. Ẹ wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Owó wà fún ìwọ̀nyí, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀. Ìbáà jẹ́ lórí ibùsùn yín lẹ ti ṣe é, iṣẹ́ ni. Kódà bí ọ̀gá kò bá ní kí ẹ ṣe é, tó ti mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀ pé ẹ ń ṣe é, òfin kà á sí iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá sọ pé "a kò fọwọ́ sí i" lè bá yín wí nítorí pé ẹ kò gba àṣẹ, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kò kúrò lọ́rùn wọn.

Ọ̀nà kejì ni ìdúró tó dè yín mọ́lẹ̀: wọ́n ní kí ẹ wà ní ọgbà ilé-iṣẹ́, tàbí nítòsí rẹ̀ débi pé ẹ kò lè fi àkókò náà ṣe ohun tó jẹ́ tiyín. Ìlànà ìjọba tó wà ní 29 CFR 785.17 (CFR ni àkójọ ìlànà ìjọba àpapọ̀) sọ ọ́ láìfi bò pé iṣẹ́ ni èyí. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní kó sùn sí yàrá kọ́ọ̀lù nílé ìwòsàn wà níbí. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ní kó jókòó sínú àgọ́ wà níbí pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré orí fóònù ló ń wò.

Ọ̀nà kẹta ni ìdúró tí ẹsẹ̀ yín tú nínú rẹ̀. Ẹ lè lọ síbi tó wù yín, ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí wọ́n rí yín pè lọ. Ìlànà kan náà sọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́, àfi ìgbà tí ìpè bá dé.

Ìrìnàjò nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Tí ẹ bá ti ṣíwọ́, tí wọ́n wá pè yín lóru kí ẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn lọ́dọ̀ oníbàárà ilé-iṣẹ́ fún iṣẹ́ pàjáwìrì, gbogbo àkókò ìrìn náà ni iṣẹ́. Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n pè yín padà sí, ìlànà ìjọba àpapọ̀ kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ kọ aago ìrìn sí àyè tirẹ̀, kí ẹ sì wo àdéhùn yín: púpọ̀ nínú àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé ẹni tí wọ́n bá pè padà á gba owó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 20 ló fi ṣe iṣẹ́ náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* gbogbo wákàtí kọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti bọ́ sí ọ̀nà kan. Bí èyí tó pọ̀ jù bá wà láàárín ọ̀nà kejì sí ìkẹta tí ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ ó fi sí, ìgbésẹ̀ tó kàn ló wà fún un.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọn bí iṣẹ́ ṣe dì yín lọ́wọ́ tó nígbà tí ẹ wà nílé

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń pàdánù ẹjọ́ wọn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Láti 1944 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Armour àti ẹjọ́ Skidmore, tí wọ́n dá lọ́jọ́ kan náà, pé ìdúró lè jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n tún sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lójú iṣẹ́ ni adájọ́ yóò wò. Ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ni àkókò náà ń ṣe láǹfààní jù, ẹ̀yin àbí agbanisíṣẹ́?

Ẹ wo ẹjọ́ méjì tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní 1991. Nínú Renfro, àwọn panápaná ìlú Emporia ní Kansas gbọ́dọ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n bá pè wọ́n. Wọ́n jàre, wọ́n gba owó ìdúró wọn. Nínú Bright, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ní Houston náà gbọ́dọ̀ dé láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kò gbọdọ̀ mutí yó, ó sì wà lórí kọ́ọ̀lù láìsí ẹni tó ń gbà á fún àkókò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan. Kò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ìdúró rẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 kan náà! Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ jù ni pé wọ́n ń pe àwọn panápaná yẹn ní ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú wákàtí 24. Ẹni tí wọ́n ń pè tó bẹ́ẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun kó parí rẹ̀. Ọkùnrin Houston lè wo tẹlifíṣọ̀n, ó lè lọ ra nǹkan, ó lè sùn nínú ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá lọ sọ fún lọ́yà pé "mi ò lè mutí, mi ò sì lè rìnrìn àjò" kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà:

1. Ibo ni wọ́n ní kí ẹ wà? Ṣé wọ́n fi máìlì dè yín?
2. Ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ ní láti dáhùn, mélòó ni ẹ sì ní láti dé?
3. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ń pè yín nínú kọ́ọ̀lù kan, tí a bá ka ti oṣù mẹ́ta pọ̀? Báwo ni iṣẹ́ ìpè kan ṣe ń pẹ́ tó?
4. Ṣé ẹ lè bá ẹlẹgbẹ́ yín pààrọ̀ láìsí wàhálà, àbí ọ̀gá kì í gbà?
5. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò bá gbé fóònù? Ṣé ìwé ìbáwí, àbí kò sí?
6. Kí ni ẹ ń fi àkókò náà ṣe ní ti gidi?

Ìbéèrè kẹta ló wúwo jù lójú tèmi, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi ẹ̀rí gbè, nítorí fóònù yín ti kà á fún yín tẹ́lẹ̀. Ìkẹfà ló léwu. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ á wo Facebook yín. Bí ẹ bá wà níbi ìnáwó lọ́jọ́ kọ́ọ̀lù, tí àwòrán sì wà, ẹ má sọ pé ẹsẹ̀ yín kò kúrò nílé. Ẹ sọ òtítọ́, kí ẹ sì sọ iye ìgbà tí ìpè fi gbé yín dìde níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ka ìdáhùn yín sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín létí. Bó bá lè sọ, láìjẹ́ pé ẹ tún ṣàlàyé, ohun pàtó tí ẹ kò lè ṣe nítorí kọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá ní "ó kàn ń bí ẹ nínú ni," ẹ fi wákàtí ìdúró sílẹ̀, kí ẹ gbájú mọ́ ọ̀nà kìíní àti ìgbésẹ̀ 6.

Ìgbésẹ̀ 4: Bí ẹ bá ń sùn síbi iṣẹ́

Ẹni tí kì í sùn síbi iṣẹ́ lè fo èyí.

Bí wákàtí iṣẹ́ yín lápapọ̀ kò bá tó 24, oorun tí ẹ sùn níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́, kódà bí wọ́n bá fún yín ní bẹ́ẹ̀dì. Bó bá tó wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbanisíṣẹ́ lè yọ oorun kúrò, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti jọ fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀, ibi tó ṣeé sùn gbọ́dọ̀ wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa rí oorun náà sùn ní gbogbo ìgbà tó wọ́pọ̀. Ìgbà tí ìpè bá jí yín, ìṣẹ́jú yẹn padà sínú iṣẹ́. Bí ìpè bá sì dí yín lọ́wọ́ débi pé ẹ kò rí ó kéré tán wákàtí márùn-ún sùn, gbogbo òru náà di iṣẹ́.

Òfin wákàtí márùn-ún yìí ni àwọn tó ń tọ́jú arúgbó nílé gbígbé ń pàdánù jù. Wọ́n á jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọ́n á kọ "oorun: wákàtí 8" sórí fọ́ọ̀mù nítorí pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ fa ìlà sí i, ẹ kọ aago tí ẹ jí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* fún òru kọ̀ọ̀kan, ṣé ẹ lè sọ iye wákàtí tí ẹ sùn àti iye ìgbà tí wọ́n jí yín?

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ máa kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀

Agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kó tọ́jú àkọsílẹ̀ wákàtí yín. Bí kò bá tọ́jú rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ọ́ ní 1946, nínú ẹjọ́ Anderson v. Mt. Clemens Pottery, pé òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rí tirẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu hàn, ó sì di dandan kí agbanisíṣẹ́ bì í ṣubú. Ìdí nìyí tí ìwé kékeré yín fi níye lórí. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

*Sátidé. Kọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ 6:00 ìrọ̀lẹ́. 1:12 òru fóònù dún, ọ̀gá òru ló pè. Mo wọ kọ̀ǹpútà 1:15. Mo parí 1:50. Ìṣẹ́jú 38. 3:40 òru fóònù dún; ìbéèrè lórí rósítà; mo parí 3:49. Ìṣẹ́jú 9. Àpapọ̀: ìṣẹ́jú 47.*

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ìbínú tàbí èébú kún un. Adájọ́ lè kà á lọ́jọ́ kan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn èèyàn ń fo ìpè ìṣẹ́jú mẹ́rin, mẹ́fà, nítorí wọ́n rò pé ó kéré jù. Lóòótọ́, òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ gbójú fo ìṣẹ́jú kéékèèké tí kò ṣeé kà lójú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpè tí fóònù kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ ṣeé kà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Àṣìṣe kejì ni kí èèyàn jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kó wá máa fi orí kọ aago, tí gbogbo ìpè á wá jẹ́ ìṣẹ́jú 30 gérégé. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ ń kọ ọ́, ẹ fi àkọsílẹ̀ fóònù ṣe amọ̀nà, kí ẹ sì kọ ọ́ sókè ìwé náà pé láti inú àkọsílẹ̀ fóònù ni ẹ ti mú un.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta láìṣà nínú ìwé yín, kí ẹ fi wé fóònù. Bí aago bá bá ara wọn mu, ìwé náà dúró.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ ṣe ìṣirò

Ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ lójú FLSA jẹ́ ọjọ́ méje tó tẹ̀ léra, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Yàtọ̀ sí àwọn ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú tó bá òṣìṣẹ́ wọn ṣàdéhùn láti máa ṣírò ófátáìmù lórí ọjọ́ mẹ́rìnlá, ilé-iṣẹ́ kò lè fi wákàtí 30 ọ̀sẹ̀ yìí kún 50 ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n ní 40 ni ìkọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò sì lè ní "sinmi ní Fráídè tó ń bọ̀" dípò ófátáìmù tí ẹ ti ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba nìkan ni òfin gbà láyè, pẹ̀lú àwọn àlà tirẹ̀.

Ẹ ro wákàtí ọ̀nà kìíní, ọ̀nà kejì tó bá wà, àti wákàtí iṣẹ́ ojúmọ́ yín pọ̀. Ọ̀nà kẹta kò wọ inú iye wákàtí. Ohun tó bá ju 40 lọ ni ófátáìmù, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó wákàtí yín.

Owó wákàtí wo? Níbí yìí ni gbèsè ti ń fara pamọ́. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń fún yín ní iye kan pàtó fún kọ́ọ̀lù, kódà fún ìdúró ọ̀nà kẹta tí kì í ṣe iṣẹ́, 29 CFR 778.223 ní kí wọ́n da owó yẹn mọ́ owó ọ̀sẹ̀ náà kí wọ́n tó ṣírò ófátáìmù. Púpọ̀ kì í ṣe é. Wọ́n á san owó kọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, wọ́n á sì ṣírò ófátáìmù lórí owó wákàtí lásán.

Ká ní $22 ni wákàtí yín. Ẹ ṣe wákàtí 50 lọ́sẹ̀ kan, fóònù òru wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fún yín ní $250 owó kọ́ọ̀lù.

Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe é:
40 × $22 = $880
10 × $33 = $330
Kọ́ọ̀lù = $250
Àpapọ̀ = $1,460

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é:
50 × $22 = $1,100
Ẹ fi $250 kún un = $1,350
$1,350 ÷ 50 = $27, èyí ni owó wákàtí gidi ọ̀sẹ̀ náà
Ìdajì $27 jẹ́ $13.50; × 10 = $135
Àpapọ̀ = $1,485

Ìdajì nìkan la fi kún un, nítorí $1,350 yẹn ti san wákàtí 50 náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. $25 ni wọ́n jẹ yín lọ́sẹ̀ yẹn. Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, $1,300 ni lọ́dún kan, láìtíì ka ìpè òru kankan tí wọn kò san. Òfin sì gbà kí òṣìṣẹ́ gba iye kan náà lé e gẹ́gẹ́ bí ìtanràn, àyàfi tí agbanisíṣẹ́ bá fi hàn adájọ́ pé tọkàntọkàn ni òun fi ṣe é, àti pé òun ní ìdí tó yè kooro láti gbà pé òun kò rú òfin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ní ófátáìmù àti owó kọ́ọ̀lù, kí ẹ sì fi wé ìwé ìsanwó. Bí owó ófátáìmù wákàtí kan lórí ìwé bá jẹ́ owó wákàtí yín ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀ gérégé, tí kò sì sí ìlà àtúnṣe kankan nísàlẹ̀, wọn kò ka owó kọ́ọ̀lù mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín

Òfin ìjọba àpapọ̀ ni ilẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ lè ga jù ú lọ, èyí tó bá sàn fún òṣìṣẹ́ ló lékè. Owó tó kéré jù lọ ní wákàtí kan jẹ́ $7.25 lábẹ́ FLSA, ó ga jù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. California le gan-an: ní 2015, nínú ẹjọ́ Mendiola, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ ní kí wọ́n sanwó fún gbogbo wákàtí kọ́ọ̀lù àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń sùn síbi iṣẹ́, oorun wọn pẹ̀lú, ní 2016 wọ́n tún sọ nínú ẹjọ́ Augustus pé ìsinmi kúkúrú tí èèyàn ṣì wà lórí kọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ kì í ṣe ìsinmi. Ní New York, èèyàn lè padà sẹ́yìn dé ọdún mẹ́fà láti béèrè owó rẹ̀. Ẹ wá ojú ewé ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ wo ohun mẹ́ta péré: owó tó kéré jù, ófátáìmù ojúmọ́, àti iye ọdún tí ẹ lè padà sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ kọ̀wé sí wọn

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní 2011, nínú ẹjọ́ Kasten, pé ẹjọ́ tí òṣìṣẹ́ fi ẹnu sọ náà ní ààbò òfin, ṣùgbọ́n ìwé ni mo rọ̀ yín sí, nítorí pé ìwé ní ọjọ́ lórí.

Kí ó kúrú, kó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kó sì lọ sí HR àti ọ̀gá tó ń ṣètò owó. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ ni: ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, iye ìṣẹ́jú ìpè tí wọn kò san, ìṣirò owó wákàtí gidi bí a ṣe ṣe é lókè, orúkọ òfin náà, FLSA, ìbéèrè pé kí wọ́n tún un ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ kọ́kọ́ fi owó tó dájú síwájú. Bí ẹ bá ní ẹjọ́ wákàtí ìdúró, ẹ fi sí ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn, kó má baà fún wọn láyè láti fi jíjiyàn lórí rẹ̀ bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì tiyín.

Ìkìlọ̀: bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ kò ní béèrè owó kankan mọ́, ẹ má fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀tọ́ FLSA kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ìwé abẹ́lé tà dànù, síbẹ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ á dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì dín wákàtí yín, tàbí lé yín, nítorí lẹ́tà yẹn, òfin ka ẹ̀san náà sí ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé ìsanwó tó tẹ̀ lé e ni èsì tòótọ́. Ẹ wá ìlà àtúnṣe lórí rẹ̀. "A ń wò ó" kì í ṣe owó.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí wọn kò bá dáhùn

Ẹ pe Wage and Hour Division ti Department of Labor, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó àti wákàtí iṣẹ́: 1-866-487-9243. Ọ̀fẹ́ ni, wọn kì í sọ orúkọ ẹni tó mú ẹjọ́ wá, wọn kì í sì wo bóyá èèyàn ní ìwé ìgbélùú tàbí kò ní kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́ tó ti ṣe fún un. Ẹ ní orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, orúkọ ọ̀gá, irú iṣẹ́ yín, bí wọ́n ṣe ń sanwó fún yín àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án, lọ́wọ́.

Lọ́yà ni ọ̀nà kejì. Bí òṣìṣẹ́ bá jàre lábẹ́ FLSA, agbanisíṣẹ́ ló ń san owó lọ́yà tó bójú mu, nítorí náà ọ̀pọ̀ lọ́yà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í gbowó kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá wà nínú irú kọ́ọ̀lù kan náà, ẹ lọ pọ̀. Rósítà ènìyàn mẹ́rin tó bá ara mu lágbára ju ti ẹnì kan lọ.

Aago ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọdún méjì ni FLSA fún yín láti gbé ẹjọ́ lọ, ó di mẹ́ta bí agbanisíṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin, tàbí bí kò bá bìkítà bóyá òun rú u. Ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní aago tirẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé owó ọ̀sẹ̀ tó pẹ́ jù ń bọ́ lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi ń dúró. Ẹjọ́ tí ẹ mú lọ bá Wage and Hour Division kì í dá aago yìí dúró. Ẹjọ́ tó wà ní kóòtù nìkan ló ń dá a dúró. Bó bá jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ló pe ẹjọ́ náà, tiyín kò dúró títí di ọjọ́ tí ìwé ìfọwọ́sí tiyín bá wọ kóòtù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ kọ ọjọ́ ìsanwó tó pẹ́ jù tí wọ́n jẹ yín sílẹ̀, kí ẹ ka ọdún méjì síwájú láti ibẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ yẹn sínú kàlẹ́ńdà fóònù yín kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.